Káàdì Ìdìbò Tí Mo Gbé Lọ sí Ẹ́ḿbásì

Ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dùbúlẹ̀ àìsàn ní Brussels ni káàdì ìdìbò kan gba ihò lẹ́tà wọ fúláàtì mi ní Thamesmead. Wọ́n ní kí n wá yan ẹni tí yóò ṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Yúróòpù. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo ní, ṣùgbọ́n nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ti ṣàkóso wa rí, òfin ìlú wọn yìí gbà mí láàyè láti dìbò.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Àwọn dókítà ti sọ̀rètí nù. Mo kàn fẹ́ kí ojú wa ríra kí ó tó lọ ni.

Lẹ́yìn ìsìn, níbi tí a ti ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Woolwich, mo fi káàdì náà han alàgbà kan. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ nípa ìṣèlú ní ilé ìwé ìrọ̀lẹ́.

"Nǹkan tuntun ni, Sístà," ó ní. "Òfin ti ń wá láti ibi tó ga ju orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lọ. Ẹni tí òfin bá máa dè gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ nínú yíyan àwọn tó ń ṣe é. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń wó ògiri àárín wọn. Ẹni tó bá ń dìbò, onílé ni."

"Èmi náà?"

"Ṣé orúkọ tèmi ló wà lára káàdì yẹn ni?"

Nọ́ọ̀sì kan tó ń so okùn bàtà bú sẹ́rìn-ín. "Mummy, ẹ ti di òyìnbó nìyẹn o! Ẹ má gbàgbé wa."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo gba ọ̀rọ̀ alàgbà gbọ́. Mo gbé káàdì náà sórí pẹpẹ, mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mo fi áńkáṣíìfù funfun wé e, mo sì gbé e pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù mi lọ sí ẹ́ḿbásì orílẹ̀-èdè tí Brussels wà.

Obìnrin tó wà nídìí wíńdò fi gègé tú áńkáṣíìfù náà. "Kí nìyí?"

"Ìlú yín ni àwọn aṣòfin Yúróòpù ti ń jókòó," mo ní. "Èmi náà wà lára àwọn tó ń yàn wọ́n."

Kò fi mí ṣẹ̀sín. "Àwọn tí ẹ bá yàn lè lọ, madam. Ẹ̀yin ní láti dúró de físà."

Nígbà tí mo ròyìn fún alàgbà, ó ní, "Mo ṣì ọ́ lọ́nà, Sístà. Mo tún ìwé ẹ̀kọ́ mi kà. Ọmọ orílẹ̀-èdè wọn nìkan ni ògiri wó fún."

Físà kò tíì dé tí ọjọ́ ìdìbò fi pé. Mo lọ sí ilé ìwé tó wà nítòsí wa, mo fi pẹ́ńsù tí wọ́n so mọ́ okùn fa àmì mi. Nílé, àwọn sójà ti fagi lé ìbò tí àwọn èèyàn wa dì. Níbí, wọ́n ka tèmi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn, mo ṣì ń dúpẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kú ní oṣù tó tẹ̀lé e. Ọkùnrin tí mo dìbò fún wọlé. Ó ti dé Brussels kí wọ́n tó sìnkú. Èmi wà ní Thamesmead.