Ìṣó Tí Baba Gìgísẹ̀ Wá Dé Orí Òkè

Bí wọ́n bá ń ka àwọn aránbàtà tó dáńtọ́ láyé, Baba Gìgísẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ kà, pàápàá tó bá jẹ́ pé Baba Gìgísẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń kà á. Bàtà tó bá rán kì í ya. Bó bá ya, ẹsẹ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́ ni kò dáa. Ó ti rán bàtà fún adájọ́, ó ti rán fún olè tí adájọ́ náà jù sẹ́wọ̀n, àwọn méjèèjì ló sì padà wá dúpẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju ihò eku lọ. Tábìlì kan, àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, agolo ìṣó, gọ́ọ̀mù kan tí òórùn rẹ̀ ń bá ènìyàn jà láti ẹnu ọ̀nà, àti ògiri kan tó kún fún ẹsẹ̀. Páálí ni àwọn ẹsẹ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ bàtà yóò tẹ páálí mọ́lẹ̀, Baba á fi pẹ́ńsùlù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, á gé e, á sì fi okùn gbé e kọ́. Gbogbo àdúgbò ló so rọ̀ lára ògiri yẹn. Òfin kan sì wà: ìrọ̀lẹ́ ni Baba ń wọn ẹsẹ̀. "Ẹsẹ̀ àárọ̀ ń tan ènìyàn jẹ ni," ló máa ń wí. "Èyí tó ti rìn, tó ti wú, òun ló ń sọ òótọ́." Ì báà jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá, tó bá wá láàárọ̀, ilé ni Baba yóò ní kó padà sí.

Páálí kan ṣoṣo ni kò tẹ̀lé òfin yìí, tirẹ̀ ni. Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ló gé e, nígbà tó ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, kò sì gé òmíràn mọ́. "Ara mi kì í yí padà," ló máa ń sọ, tí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ á sì máa sá fún ikùn rẹ̀. Ìyàwó tó fẹ́ lọ́jọ́ náà ti di olóògbé. Ṣọ́ọ̀bù yìí ló kù tí Baba ń bá sọ̀rọ̀, ìyẹn ló sì fà á tí kò fi lè gbọ́ pé kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun.

Ní ìgbà òjò tó kọjá, ẹsẹ̀ Baba yọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ṣubú sábẹ́ tábìlì, kò sì lè dìde. Ibẹ̀ ló wà títí onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ fi wọlé wá yá àlùmọ́gàjí.

"Baba, kí lẹ ń ṣe lábẹ́ tábìlì?"

"Mò ń wá ìṣó."

"Ìṣó wo?"

"Èyí tó sọnù."

Onígbàjámọ̀, ọmọlúwàbí ènìyàn, kúnlẹ̀, ó bá a wá ìṣó títí eékún fi ń ro ó. Ó pẹ́ kó tó yé e pé ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀ kì í dojú sókè kó máa wo àjà.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ọmọbìnrin tí Baba bí, òun nìkan ni ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ìlú ńlá ló ń gbé. Ó wa mọ́tò wá, ó jókòó sórí àga ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú náà, ó ní, "Bàbá, ẹ palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Yàrá kan ṣófo nílé mi. Ẹ wá máa sinmi."

"Kí n máa sinmi? Ta ló sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí?"

"Ẹ ṣubú."

"Ìṣó ni mo ń wá."

Ọmọ wò ó, kò sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló dá kún ẹ̀rù Baba, nítorí bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń dákẹ́ nìyẹn tó bá ti pinnu. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Baba nawọ́ gba ojú fèrèsé. "Ṣé o rí òkè yẹn? Bí mo bá gùn ún dé ṣóńṣó, tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì gbé mi sọ̀ kalẹ̀, o ò gbọdọ̀ dárúkọ yàrá yẹn mọ́. Bí ẹsẹ̀ mi ò bá lè ṣe é, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù di tìrẹ."

Ó rò pé ọmọ yóò máa bẹ òun ni. Ọmọ ní, "Ó dáa. Màá bá yín lọ."

Òkè náà kò lókìkí. Àwọn tó ń gun òkè ṣe fàájì kì í yà síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá lọ sí èyí tó ga, tí wọ́n ń yà ní fọ́tò. Ìdajì rẹ̀ igbó, ìdajì rẹ̀ àpáta, òkè pátápátá sì pá bí orí onígbàjámọ̀. Ewúrẹ́ ló la ọ̀nà tó wà níbẹ̀, àwọn náà kò sì là á tán. Baba kò débẹ̀ rí. "Àgbàyà," ló sọ fún ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, "ṣé àtẹ̀gùn ilé ìfowópamọ́ kọ́ lò ń dúró sinmi lórí rẹ̀?"

Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe: ó rán bàtà. Awọ tó nípọn, rọ́bà táyà nísàlẹ̀, ojú ìrán mẹ́ta lórí ara wọn. Ó na ọwọ́ sí ògiri, ó mú páálí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó fi wọn awọ. Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, ẹsẹ̀ wọlé, bí ìgbà tí wọ́n ń ti àgùntàn wọ inú àpò. Baba ní awọ á rọ̀ tó bá gbóná. Bó bá jẹ́ oníbàárà ló sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn ni, Baba ì bá fi ṣe ẹ̀fẹ̀ títí ọdún á fi yí po.

Onígbàjámọ̀ sìn wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè, ó wá igi kan tó ní òjìji, ó jókòó.

"Ṣé o ò ní gùn ún ni?" Baba bi í.

"Èmi á dúró níhìn-ín, kí ẹnì kan lè wà láyé tí yóò ròyìn. Ẹ bá mi kí àwọn ewúrẹ́."

Baba fi agbára bẹ̀rẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lùlù fún lẹ́yìn. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ igi wò. Igi tó bá ti dé ìdí rẹ̀, á dúró, á gbọ́wọ́ lé e, á máa mí.

"Igi yìí á dára fún gìgísẹ̀ bàtà," ló ní.

"Bàbá, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe sọ nípa igi méjì tó kọjá."

"Ṣé ẹjọ́ mi ni pé òkè yìí ní igi tó dára?"

Oòrùn mú, igi tán, Baba kò wá rí ohun tí yóò máa yẹ̀ wò mọ́. Nínú bàtà, ìka ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara wọn lórí. Ọmọ bi í pé, "Ṣé kò sí nǹkan?" Ó ní, "Kò sí." Ohùn rẹ̀ dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò da epo sí.

Wọ́n wá kan àpáta tí ẹsẹ̀ nìkan kò ká. Ó dúró ṣánṣán bí ògiri ilé ẹjọ́. Àwọn elénìní á sọ fún yín pé kò ga ju òrùlé lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikùn tiwọn ni wọ́n fi gùn ún. Baba fi ọwọ́ dì í mú, ó fi eékún kọ́ ọ, ó fi àgbọ̀n tì í. Ọmọ wà nísàlẹ̀, ó ń ti àtẹ́lẹ̀ bàtà rẹ̀ sókè, gbogbo ìgbà tó bá sì tì í ni ìràwọ̀ ń yọ lójú Baba lọ́sàn-án gangan. Ó gé fìlà rẹ̀ jẹ kí igbe má bàa jáde. Àṣá kan ń yí po lókè, ó ń fara balẹ̀ wò ó, bí oníbàárà tó ń wo ọjà tí kò tíì mọ̀ bóyá òun á rà.

"Ṣé kò sí nǹkan, Bàbá?"

"Kò sí."

Ó gòkè àpáta náà tán. Ṣóńṣó òkè wà níwájú, kò jìnnà ju ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí ojú títì lọ. Baba gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó sì jókòó gbì. Ó gbìyànjú láti dìde, ẹsẹ̀ kọ̀. Ó tún gbìyànjú, ìdí náà kọ̀. Ó wá na ọwọ́ sílẹ̀, ó ń tọ òkúta wẹ́wẹ́ wò, bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wo ọwọ́ náà, ó rọra béèrè pé, "Ṣé ìṣó lẹ ń wá?"

Ọ̀nà wà fún Baba. Bàtà aránbàtà, lórí àpáta, ta ni yóò jiyàn pé ìṣó kò lè yọ? Irọ́ náà ti gúnlẹ̀ sórí ahọ́n rẹ̀, ó ti wọ aṣọ, ó ti gbé àpò kọ́ èjìká. Ó gbójú sókè, ó rí ojú ọmọ. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ló ń bà á, ó jọ pé láti ìgbà òjò náà ni ẹ̀rù ti ń bà á.

"Rárá," Baba ní. "Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Ìgbà òjò yẹn náà, n ò wá ìṣó kankan. Mo ṣubú, n ò lè dìde, ojú sì tì mí."

Ọmọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó di bàtà mú, ó fà á, bàtà kò mira. "Ta ló wọn ẹsẹ̀ yín?"

"Aránbàtà burúkú kan báyìí."

"Nígbà wo?"

"Kó tó di pé wọ́n bí ọ. Láàárọ̀ sì ni."

Ẹ̀rín gbá ọmọ lulẹ̀. Ó rín, rín, rín, ó gbórí lé eékún bàbá rẹ̀, Baba náà sì ń rín, omi ń jáde lójú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó lè sọ pé èwo ni ti ẹ̀rín níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó mú àlùmọ́gàjí iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú báàgì, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ bàtà, ó wo ojú bàbá rẹ̀.

"Gé e," Baba ní. "Má ṣe fọwọ́ kan awọ iwájú ṣá. Ó máa ṣeé fi ṣe bẹ́líìtì."

Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni Baba Gìgísẹ̀ wọ̀ dé ṣóńṣó òkè. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbẹ́ ewúrẹ́, agolo tó ti dógùn-ún, àti afẹ́fẹ́ tó fẹ́ gba fìlà. Ìlú tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀. Baba na ìka. "Ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn, òrùlé tó ń dán yẹn."

"Bàbá, ilé ìwòsàn wa nìyẹn."

"Mo ní kó máa dán bẹ́ẹ̀ ni tí mo bá rówó."

Ìdí ló fi sọ̀ kalẹ̀, láti orí àpáta títí dé ìdí igi, ọmọ ń lọ níwájú, ó ń sọ ibi tí ẹ̀gún wà. Onígbàjámọ̀ ta jí, ó wo ìbọ̀sẹ̀, ó yí sẹ́yìn Baba, ó wo ṣòkòtò.

"Ẹsẹ̀ yín ṣe dáadáa o, Baba. Ṣùgbọ́n ó jọ pé ìdí yín ló ṣiṣẹ́ jù."

Baba kò jiyàn. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, ó gbé e lé ọmọ lọ́wọ́. "Mo ní ẹsẹ̀ mi ló máa gbé mi sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ́. Gba tìrẹ."

Ọmọ gba kọ́kọ́rọ́. Wọ́n wọ mọ́tò. Ó wà á dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù, ó ṣílẹ̀kùn, ó mú bàbá rẹ̀ jókòó, ó wá páálí, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀.

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e," ó ní. "Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́."

Ó fi pẹ́ńsùlù yí i ká bó ṣe máa ń rí i tí Baba ń ṣe é nígbà tó wà ní kékeré. Ẹsẹ̀ náà wú bí búrẹ́dì tó jẹ ìwúkàrà yó. Ó gé páálí, ó gbé e kọ́, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ padà sórí tábìlì.

"Kì í ṣe òkè ni mò ń wò, Bàbá, bóyá ẹ máa sọ òótọ́ fún mi ni. Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ń dùn yín, ẹ pè mí. Ọjọ́ tí mo bá tún gbọ́ pé ìṣó lẹ ń wá, mo ń bọ̀ wá kó yín."

Baba ní òun gbọ́. Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Láti ìgbà náà, bí ẹ̀yìn bá ro ó, ó ti gbé fóònù. Bí èékánná bá há, ó pè. Ó pè nígbà tí etí ń yún un, ó pè nígbà tó sín lẹ́ẹ̀mejì tí ìkẹta kò wá. Lọ́jọ́ kan tó pè pé orúnkún òsì òun ń dún ju ti ọ̀tún lọ, ọmọ mí kanlẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì máa wá ìṣó díẹ̀díẹ̀."