Àgbọ̀n Káfíńtà Tí Kò Wú

Òjòwú ni ọkọ mi. Kì í ṣe obìnrin ló ń jowú lé lórí o. Bó bá jẹ́ obìnrin ni, ǹ bá tiẹ̀ gbádùn ẹ̀ díẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn ní ló máa ń dùn ún. Irun ló ń gẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí aládùúgbò bá fi ọ̀dà tuntun kun ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Á ní ọ̀dà náà ò ní pẹ́ ṣí. Á sì máa retí kó ṣí lóòótọ́.

Kókó kan wá yọ nínú egungun àgbọ̀n rẹ̀ lápá òsì. Dókítà ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ lè máa jẹ egungun láti inú bí ikán ṣe ń jẹ ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kó máa wá fi ẹ̀rọ ya àwòrán egungun náà ní ọsibítù ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí àwọn lè máa wọn kókó náà. Bí kò bá dàgbà, wọn á fi sílẹ̀. Bó bá ń dàgbà, wọn á gé egungun náà kúrò. Àdúrà kan ṣoṣo tó kù nílé wa nìyẹn: kó má dàgbà.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ ni káfíńtà kan kọ́kọ́ wá, tòun náà ti kókó lápá òsì. Ohun tó bá ojú ti bá imú, ni wọ́n bá di ọ̀rẹ́. Wọ́n á jókòó pọ̀ sórí bẹ́ńṣì, wọ́n á máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n wọn tiwọn lẹ́ẹ̀kejì, ti káfíńtà ò kúrò níbi tó wà. Ti ọkọ mi ti fẹ̀ sí i. Dókítà ní àwọn á tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i kí àwọn tó pinnu láti gé e.

A ò tíì délé tó ti bẹ̀rẹ̀.

“Kí ló fi sàn jù mí lọ? Ẹni tó ń mu sìgá! Eruku pákó ló ń jẹ látàárọ̀ dalẹ́, èmi tí mò ń fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́!”

“Ṣé ẹni tó fọ ẹnu ni kókó ń wò kó tó dàgbà?”

“Ìwọ ò lè mọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tìẹ pé.”

Ó dùn mí. Ṣé mo tiẹ̀ yàtọ̀ sí i? Nígbà tí mo rí ìyàwó káfíńtà tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu géètì ọsibítù lọ́jọ́ náà, ó ṣe mí bíi pé kí n gba ẹ̀rín náà lẹ́nu ẹ̀.

Obìnrin tó ń ya àwòrán ti máa ń kìlọ̀ fún ọkọ mi. Á gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé ibi tí wọ́n ń gbé e lé, á ní kó fi eyín iwájú di igi kékeré kan mú, ẹ̀rọ á wá yí orí rẹ̀ ká. Ó ní kó má yí orí o, torí bó bá yí i díẹ̀, apá kan á kéré nínú àwòrán, apá kejì á tóbi. Ẹlòmíràn á gbọ́ ìkìlọ̀ níbẹ̀. Ọgbọ́n ni ọkọ mi gbọ́.

Nígbà kẹta tí a lọ, bí obìnrin náà ṣe bọ́ sẹ́yìn ògiri láti tẹ bọ́tìnì, ọkùnrin yìí yí orí, díẹ̀ báyìí. Àwòrán jáde lójú kọ̀ǹpútà. Kókó ti kéré!

“Ẹ pe káfíńtà kó wá wò ó!” ni ọkọ mi ń pariwo.

Obìnrin náà fa ìlà lórí kókó, ó wọ̀n ọ́n. Ó tún wọn àwọn eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó wá gbé àwòrán ti tẹ́lẹ̀ tì í.

“Ẹ̀gbọ́n, eyín yín lápá òsì tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ti ọ̀tún sì fẹ̀ sí i.”

“Kí ló kan eyín níbẹ̀?”

“Kókó lè kéré sí i, sà. Eyín àgbàlagbà kì í kéré sí i. Ẹ yí orí.”

Ọkọ mi wò mí, mo wò ó. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, màá kọ́kọ́ tì í wọlẹ̀ ná, kí èmi náà tó tẹ̀lé e.

Wọ́n tún un yà. Kókó ti dàgbà gan-an. Egungun tó kù lábẹ́ rẹ̀ ò nípọn ju èèpo ẹyin lọ. Dókítà ní bí àwọn bá gba àwòrán àkọ́kọ́ ọjọ́ náà gbọ́ ni, ibi tó ti ń jẹun nílé ni àgbọ̀n náà ì bá kán sí. Àwọn máa gé e lóṣù tó ń bọ̀, àwọn á mú egungun láti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi dí i. Mo rò pé ọkọ mi á bèèrè bóyá ó máa dùn ún.

“Káfíńtà ńkọ́?” ló bèèrè.

Dókítà ní àwọn kì í sọ ti ẹnìkan fún ẹlòmíràn.

Káfíńtà wà níta, kò tíì kàn án. “Ọ̀rẹ́, báwo ni?”

Ọkọ mi gbé àyà sókè. “Kò dàgbà. Ó tiẹ̀ kéré sí i.”

Káfíńtà lọgun. Ó gbá a mọ́ra, ó gbé e kúrò nílẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. “Mo ti ń sọ fún ìyàwó mi! Mo ní bí tèmi bá dúró tí tìẹ ò dúró, ojú á máa tì mí láti jókòó tì ẹ́.” Mo wá ẹ̀tàn lójú ọkùnrin náà, mi ò rí i. Omi ló wà níbẹ̀.

“Sọ̀ mí kalẹ̀,” ni ọkọ mi wí. “Irọ́ ni. Wọ́n fẹ́ gé e.” Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. “Mò ń jowú ẹ. Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí tìẹ náà wú.”

Káfíńtà fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

“Títí di ìsinsìnyí, Ọlọ́run ò tíì gbọ́,” ló wí. “Ọjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ gé e, kí n lè wá?”

Nọ́ọ̀sì pe káfíńtà, ó wọlé. Mo ní kí a máa lọ, ọkọ mi ò dìde. Ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, ètè rẹ̀ ń mì. Àdúrà ló ń gbà. Mi ò bi í pé èwo ni.