Ríbọ́nì Aláwọ̀ Méjì

Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo ń tẹ̀wé fún ilé-iṣẹ́ onípákó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo la ní. Irin dúdú ni, ó wúwo débi pé tábìlì là ń sún bí a bá fẹ́ gbá abẹ́ rẹ̀. Agogo inú rẹ̀ máa ń dún bí ìlà bá kù díẹ̀ kó tán. Ríbọ́nì rẹ̀, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rẹ sínú yíǹkì, dúdú lókè, ó pupa nísàlẹ̀, irin kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi ń yan àwọ̀. Ọ̀gá wa ò fẹ́ kí n fi pupa tẹ ohunkóhun, àfi ìlà tó kẹ́yìn nínú kúẹ́rì, ìwé tó ní kí òṣìṣẹ́ wí tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó bá a wí, àti nínú ìwé ìkìlọ̀ tó máa ń tẹ̀lé e.

Apá dúdú gbó. Mo bèèrè tuntun. Ọ̀gá ní èyí tó wà níbẹ̀ ṣì ń yí. Nígbà tó yá, oníbàárà kan ní Ayépé dá lẹ́tà wa padà, ó ní ìwé òfìfo ni wọ́n fi ránṣẹ́ sóun.

Ọ̀gá fi báírò kọ kúẹ́rì, ó gbé e fún mi.

“Ta ni kí n tẹ̀ ẹ́ sí, sà?”

“Ìwọ ni.”

Wọn ò tíì fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀. Bí mo bá gba ìwé ìkìlọ̀, ọdún kan sí i ni màá fi ṣe òṣìṣẹ́ ìdánwò. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀sùn náà ò ṣeé kà. Ìhàlẹ̀ tó wà ní ìlà tó kẹ́yìn nìkan ló pupa fòò.

Ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ yọjú wò ó. “Àbúrò mi, o tẹ kúẹ́rì ara ẹ, o ò tiẹ̀ ṣàṣìṣe kankan?”

“Tí mo bá ṣàṣìṣe, ẹ̀gbọ́n, kúẹ́rì mìíràn nìyẹn.”

Mo tẹ èsì mi: ríbọ́nì ti gbó, lẹ́tà ò lè hàn. Ọ̀gá gbé e sójú fèrèsé. “Kí ni kí n kà níbí?” Ó ní kí wọ́n mú ríbọ́nì tuntun wá láti sítọ́ọ̀, kí n tún èsì náà tẹ̀.

Mo tún un tẹ̀ bó ṣe wà. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ọ̀gá rọra kà á. “O ní lẹ́tà ò lè hàn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Èyí ò wá hàn?”

“Ríbọ́nì tuntun tí ẹ ní kí wọ́n mú wá ni, sà.”

“Ṣé o rí i? Ríbọ́nì wà. Kí lò ń rojọ́ sí?”

Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé ìwé ìkìlọ̀ mi wá pé kí n tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo dé ìlà tó kẹ́yìn, mo yí irin kékeré náà sí pupa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi létí. Ọ̀gá buwọ́ lù ú, ó nà án sí mi, ó ní òun ti rí i pé iṣẹ́ mi ń dára sí i.