Ẹ̀rọ Amúlétutù Tó Kẹ̀yìn sí Àna

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣe òtútù, ẹ ní kó wá bá mi. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ òtútù ṣe. Ooru ló ń kó. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí n tó sá fún ẹgba tíṣà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó.

Ẹ wo àmù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ń làágùn lára, omi inú rẹ̀ sì ń tutù, nítorí àágùn yẹn ló ń gbé ooru lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni gáàsì inú ẹ̀rọ. Inú páìpù ló ń rìn. Bó bá dé iwájú ẹ̀rọ, nínú yàrá, á gbé ooru ibẹ̀ rù bí alábàárù. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á fún un mọ́ra, á tì í sí ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni á ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, fáànù á sì fẹ́ ooru náà dànù síta. Gáàsì á tún padà wá gbé òmíràn. Iwájú sínú, ẹ̀yìn síta, òfin rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ ojú omi, odò ló ń dà á sí, kì í dà á sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Baba ìyàwó mi dà á sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Díẹ̀ ló kù kí n má rí ìyàwó fẹ́.

Ìgbà tí Abuja ṣì ń hù bí olú ni. Garki là ń gbé, mo sì wà lára àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí ara ògiri ọ́fíìsì ìjọba. Eruku pupa ìgbà náà kì í ṣe kékeré. Adìyẹ funfun ni mo rà láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí mo fi máa pa á lọ́jọ́rọ̀, pupa ni.

Ibi tí mo ti ń ra ìṣó ni mo ti rí ọmọbìnrin náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni baba rẹ̀, Àlàájì tó ń ta ìṣó àti páànù, ọkùnrin gígùn tó máa ń wo èèyàn bí ẹni ń wo páànù tó ti dógùn-ún. Èmi náà ń kírun bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Kàbà ni mí, ará ìlú rẹ̀ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù méjì sì fẹ́ fi ọmọ yẹn ṣaya. Nígbà tí mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún Àlàájì, kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ó ní, "Kí àwọn èèyàn rẹ wá, kí n wo ojú wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wá, mo ra ẹ̀rọ òtútù kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílùú rẹ̀. Wá bá mi gbé e sí yàrá."

Inú mi dùn bí ẹni tó rí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Àṣé wàhálà ló ń bọ̀. Nínú ògiri yàrá Àlàájì, ẹyọ kan péré ló kan ìta, ojú ọ̀nà mọ́sáláṣí ni ògiri náà sì kọ sí. Bí mo ṣe gbé òòlù síbẹ̀, ó pariwo.

"Ọmọ Kàbà! Níbo lo fẹ́ kọ ìdí ẹ̀rọ yẹn sí?"

"Ìta ni, Bàbá."

"Àwọn àgbà ìlú mi ń gba ibẹ̀ lọ kírun. Kí wọ́n máa kọjá, kí ilé mi máa na ìdí sí wọn?"

"Bàbá, ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde ni."

"Ooru wo? Èmi ò ra ooru. Òtútù ni mo rà."

Ó nawọ́ sí ògiri tó wà láàárín yàrá àti pálọ̀. Mo ní, "Bàbá, pálọ̀ á gbóná o." Ó ní, "Ta ló ń sùn ní pálọ̀?" Ẹ gbà mí. Ta ló ń bá baba ọmọ tó fẹ́ fẹ́ jiyàn? Mo dá ògiri lu. Iwájú ẹ̀rọ wọ yàrá, ìdí rẹ̀ yọ sí pálọ̀, lókè àga àlejò gan-an.

Yàrá yẹn tutù! Ọmọnílé kan já bọ́ láti òkè àjà, ó ń gbọ̀n, a ní láti fi aṣọ wé e kó tó lè rìn lọ. Nínú oòrùn tó ń yan èèyàn, Àlàájì ń wọ súwẹ́tà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí gbogbo ọjà lè bi í léèrè ìdí rẹ̀. Mo ti kọ́ ọ pé bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ó gbọ́ ìyẹn dáadáa. Gbogbo fèrèsé ilé ló tì pa, ti pálọ̀ pẹ̀lú.

Ọjọ́ ìtọrọ pé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti àgbà méjì wá láti Kàbà. Ọkọ̀ wọn ti dẹnu kọlẹ̀ ní Abaji lójú ọ̀nà nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n dé, orí ìjókòó ọkọ̀ ni wọ́n wà mọ́jú láìfojú kan oorun. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọ agbádá òfì tó nípọn bí ẹní. Wọ́n jókòó sórí àga àlejò. Èmi dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn, níbi tí àṣà fi mí sí: ẹni tí wọ́n ń tọrọ ìyàwó fún kì í sọ̀rọ̀, kì í sì í dìde títí tí wọ́n á fi ní kó dìde.

Àlàájì sì fẹ́ kí àna gbọ́ ohùn ẹ̀rọ rẹ̀. Ó tàn án.

Ẹ̀yin ará, mo mọ ohun tó ń bọ̀, n kò sì lè la ẹnu. Ooru yàrá àti ooru ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ para pọ̀, wọ́n ń tú sí àwọn èèyàn mi lọ́rùn. Ìpara orí mi yọ́ wọ etí. Obì tó wà nínú àwo là fúnra rẹ̀, kò dúró de àdúrà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi nu ojú títí, ó sú u. "Àna wa, ṣé iná lẹ dá sí ẹ̀yìn ògiri yìí ni?"

"Ẹ̀rọ òtútù ni," Àlàájì fi ìgbéraga dáhùn.

"Níbo ni òtútù ọ̀hún wà?"

"Ní yàrá."

"Kai! Ẹ kó òtútù sí yàrá, ẹ wá ń fi èéfín rẹ̀ gbà wá lálejò?" Ó dìde. "Ẹ gbé obì wa. Ẹni tó fẹ́ fún wa lọ́mọ kò ní kọ́kọ́ yan wá jẹ."

Láti ilẹ̀ tí mo wà, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wá bàtà. Mo rí ojú ọmọbìnrin náà láàárín kọ́tìnì, omi ti fẹ́ bọ́ níbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló sáré kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ yàrá."

"Yàrá tèmi?" ni Àlàájì wí.

"Tiyín ni. Àbí kí àna jinná tán sí pálọ̀?"

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ tútù kọ lu àwọn èèyàn mi, wọ́n sì wọlé láìdúró de ẹnikẹ́ni. Àga kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jókòó lé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí òun kàn fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí díẹ̀. Ẹni tí kò sùn ní Abaji! Kí Àlàájì tó wá ibi tó máa fẹsẹ̀ lé, àna ti ń hanrun lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Àlàájì dúró sí ẹnu ọ̀nà, àágùn ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Mo fẹ́ sọ pé ká ṣì lọ ronú sí i ná."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. "Ẹni tó ti sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yín, kí lẹ tún fẹ́ wádìí nípa rẹ̀? Ẹ lọ jí i, kẹ́ ẹ sọ fún un pé ẹ ò mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mi agbádá Àlàájì.

"Dìde, ọmọ Kàbà," ló wí. "Bí baba rẹ bá jí, sọ fún un pé mo ti gbà. Ṣùgbọ́n lọ́la, wá yí ìdí ẹ̀rọ yìí síta."

"Àwọn àgbà mọ́sáláṣí ńkọ́, Bàbá?"

"Kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn gbà."

Ìyàwó mi ní irọ́ ni ti ọmọnílé, ó ní kò sẹ́ni tó fi aṣọ wé e. Kò burú. Ti bẹ́ẹ̀dì yẹn ni kó wá jiyàn.