Màmá Tí Kì Í Yàwòrán Láìkíni

"Ẹ kú ìjókòó o." Báyìí ni màmá kan tí a jọ kọ́ àwòrán yíyà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Peckham, nílùú Òyìnbó, ṣe máa ń kí ọkùnrin òyìnbó tí à ń ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n tó mú pẹ́ńsù. Àwa yòókù kì í kí i. Nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà pàápàá, orúkọ ayàwòrán ni à ń há sórí. Ẹni tó jókòó kò lórúkọ. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ni láti wo ènìyàn, tí kò kọ́ni láti kí i, ẹ̀kọ́ alábùkù ni.

Bí Màmá bá ti kí i, ọkùnrin náà, tí kò gbọdọ̀ mira, a yíjú, a sì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa ní bí wọ́n bá tún dán an wò, òun yóò lé wọn, bẹ́ẹ̀ nítorí ìwé-ẹ̀rí ibẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ wọn ní Rye Lane wá sí kíláàsì.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́," mo bẹ̀ wọ́n.

"Kí n máa wo ojú ẹni tí mi ò kí? Ilé ta ni wọ́n ti kọ́ mi bẹ́ẹ̀?"

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n tún kí i. Olùkọ́ nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Màmá kó ẹrù wọn, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi olùkọ́ pé, "Ṣé àga lẹ pe ọkùnrin yìí ni?"

Bí wọ́n ti jáde, ọkùnrin náà dìde, ó wọ kóòtù rẹ̀. "Àga ṣì wà níbẹ̀. Ẹ yà á," ó wí, ó sì tẹ̀lé wọn.

Olùkọ́ sáré lọ bẹ àwọn méjèèjì. Kí wọ́n tó padà dé, àga ni à ń yà.