Ìbùkún Lẹ́yìn Àìsàn Yírùnyírùn

Ọ̀sán Sátidé ni. Mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìníṣà, Ìbùkún ọmọ mi wà láàárín ẹsẹ̀ mi, mò ń dirun fún un. Nígbà tí mo dé ìpàkọ́, mo ní kó tẹrí ba. Kò lè tẹ̀ ẹ́. Mo fọwọ́ tì í díẹ̀, ó ké, ó ní ọrùn ń dun òun. Mo rò pé ó fi ọrùn sùn lódì ni. Àmọ́ nígbà tí mo gbọ́wọ́ lé iwájú orí rẹ̀, ó gbóná janjan. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ń gún òun lójú, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀run ṣú lọ́jọ́ náà.

Ibà la mọ̀ nílé wa, oògùn ibà ni mo fún un. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó ti ń bì, ó sì ń fi orúkọ àbúrò bàbá rẹ̀ pè mí. Bàbá rẹ̀, tó ń ṣe tíṣà ní Òkukù, dá ọ̀kadà dúró. Èmi ni mo gbá ọmọ náà mú láàárín àwa méjèèjì títí a fi dé ilé ìwòsàn ní Ìkìrun. Ọmọ ọdún mọ́kànlá, ẹ̀yìn rẹ̀ le gbagidi mọ́ mi láyà. Dókítà gbé orí rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan péré.

Ó ní, "Màmá, ẹ máa gbé e lọ sí Òṣogbo báyìí. Ẹ má tíì padà sílé lọ kó aṣọ."

Yírùnyírùn ni wọ́n pè é. Awọ tín-ín-rín kan ló wé mọ́ ọpọlọ, kòkòrò àìsàn á wọ inú awọ náà, yóò wú, ọrùn á sì gan. Ẹni tó bá ń ka èyí, tí ara ọmọ rẹ̀ gbóná, tí ọrùn rẹ̀ kò tẹ̀, tí kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, kó má jókòó ti oògùn ibà nílé.

Ní Òṣogbo, wọ́n ní wọ́n máa fa omi láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n lè mọ irú kòkòrò tó jẹ́. Wọ́n ní ká bọ́ síta. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ látẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ń pè mí. Nígbà tó yá, n kò gbọ́ ohùn náà mọ́, ìyẹn sì burú ju igbe lọ.

Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo àwa ìyá tó wà lórí rẹ̀, tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, a óò dìde. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa pè, àwọn tó kù á tún jókòó. Ìyá ọkọ mi dé láti Òkukù nínú aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n gbé omi àdúrà lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ní omi náà kò lè wọlé. Ìyá ọkọ mi rọra gbé ìgò náà sábẹ́ bẹ́ǹṣì.

Wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì náà pé, "Ẹ jẹ́ kó wà níbí, ọmọ mi. Kò ní dí yín lọ́wọ́."

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n ti ń fún un ní oògùn, Ìbùkún lajú. Ó dá wa mọ̀, ó jẹun, ó rìn. Wọ́n ní ká máa lọ sílé, a sì dúpẹ́. A rò pé ó ti tán.

Ilé la ti mọ̀ pé kò tán. Ó fẹ́ mumi, kò rí orúkọ ife pè. "Ẹ bá mi mú... èyí tí wọ́n fi ń..." Ó na ọwọ́, ó sunkún. Ó lè ka ojú ìwé kan tán, kó má lè sọ ohun tó kà. Ọmọ tó máa ń gba ipò kìíní tẹ́lẹ̀ ni o. Tíṣà rẹ̀ ní ó ti ya ọ̀lẹ. Ará àdúgbò kan ní ẹ̀mí kan ló wọ̀ ọ́. Ìyá ọkọ mi mú un lọ sí Òkukù fún àdúrà. Ó padà wá, ó sanra díẹ̀, àmọ́ ó ṣì ń wá ọ̀rọ̀. Èmi tí mo lè fi ojú lásán mọ̀wọ̀n aṣọ, n kò mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọmọ mi ṣe.

Nígbà tí a padà lọ fún àyẹ̀wò, dókítà ní ká lọ rí onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ọmọdé, ẹni tí wọ́n ń pè ní sàíkọ́lọ́jíìsìtì. Ẹ̀rù bà mí, torí mo rò pé àwọn wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù la bá. Ó ní àyẹ̀wò òun kò ní abẹ́rẹ́ nínú. Ìbéèrè, àwòrán àti eré ni, tí yóò fi hàn wá iṣẹ́ tí ọpọlọ ṣì ń ṣe dáadáa àti èyí tí àìsàn ti ṣe lọ́ṣẹ́. Ó gbà mí láyè láti jókòó sí kọ̀rọ̀, àmọ́ n kò gbọdọ̀ bá Ìbùkún dáhùn, ì báà ṣe pẹ̀lú ojú.

Ó gbé àwòrán ìgbálẹ̀ síwájú ọmọ mi. "Kí lèyí, Ìbùkún?"

Ọmọ mi fi ọwọ́ gbálẹ̀ lórí tábìlì. "Ó... ó máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"O ṣeun. Kí là ń pè é?"

Ó yíjú sí mi. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo wo ilẹ̀. Látìgbà tí mo ti bí i, kò tíì sí ọjọ́ tó bẹ̀ mí ní ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fún un.

Nígbà tí àyẹ̀wò parí, obìnrin náà pe èmi àti bàbá ọmọ náà. Ó ní òye Ìbùkún ṣì wà. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde ló ṣèṣe, pẹ̀lú ibi tí ọpọlọ ń tọ́jú ohun tuntun sí. Ó ní kì í ṣe ọ̀lẹ rárá.

Bàbá rẹ̀ béèrè pé, "Ṣé ó máa padà sí bó ṣe wà?"

"Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn fún yín, sà. Yóò dára ju báyìí lọ. Ibi tó máa dára dé, mi ò mọ̀."

A bá ọkọ̀ padà sí Ìníṣà. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn ká ní obìnrin náà parọ́ fún wa.

A ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà déédéé. Ó ń kọ́ Ìbùkún láti ṣàpèjúwe ohun tí kò bá rí orúkọ rẹ̀, láti kàwé díẹ̀díẹ̀ kó sì sinmi. Ó tún máa ń jẹ́ kó sọ ohun tó ń bẹ lọ́kàn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó pè wá wọlé, ó ní ọmọ wa fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀.

Ìbùkún ní, "Ẹ máa ń wò mí bíi pé... bíi pé mo ti kú, pé ẹlòmíì lẹ gbé wálé."

Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ bojú ara rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ìyá ọkọ mi ṣètò ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Òkukù. Wọ́n ní kí n jẹ́rìí pé ara ọmọ ti yá pátápátá. Mo gba maikirofóònù. Mo ní, "Ọmọ mi ṣì ń wá ọ̀rọ̀. Ó ń tún kíláàsì kà. Mo gbàdúrà fún gbogbo rẹ̀, n kò tíì rí gbogbo rẹ̀ gbà. Ó wà láàyè. Ẹ bá mi dúpẹ́." Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀, kí àwọn yòókù tó ṣe àmín.

Èmi ni mo gbé ara ọmọ yìí sínú, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ n kò mọ bí iṣẹ́ tó ń lọ nínú rẹ̀ ti pọ̀ tó, títí díẹ̀ nínú rẹ̀ fi dúró. Ẹ̀rù àìsàn náà kò tíì kúrò lára mi. Bí Ìbùkún bá fi ọwọ́ kan iwájú orí lásán, mo ti ní kó tẹrí ba kí n wo ọrùn rẹ̀.

Bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìdúpẹ́ náà, Ìbùkún fà mí láṣọ.

"Màmi, ebi ń pa mí. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹ iyán nílé màmá àgbà."

Ó sọ ọ́ geere, kò dúró níbì kankan. Mo mú un lọ́wọ́, a sì lọ jẹun.