Bí Màmá Òkè Ṣe Ń Mi Orí

Àwọn èso wínníwínní kan ń ta pàrà-pàrà nínú epo gbígbóná, òórùn wọn gba gbogbo ilé kan, Màmá òkè sì dúró ti iná, wọ́n ń mi orí. Ìyá mi wo orí náà títí. Wọ́n dúpẹ́ pé, "Grazie, màmá," wọ́n fà mí lọ́wọ́, a sọ̀kalẹ̀. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà tiwa, omi ti dà lójú wọn.

"Màmá yẹn kọ̀," ni wọ́n sọ fún bàbá mi. "Wọn ò tilẹ̀ la ẹnu. Orí ni wọ́n kàn ń mì sí mi."

Torino nílẹ̀ Ítálì la wà nígbà náà, láyé ìgbà tí a ṣì ń fi scheda telefonica, káàdì tẹlifóònù, pe ilé. Settimo, ìlú kékeré ẹ̀gbẹ́ Torino, ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá ilé wa ti ń ṣiṣẹ́. Àgbàlagbà ará Íńdíà ni Màmá òkè, ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ọkùnrin ni wọ́n ń gbé, lórí wa gan-an, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé wọn lórí àtẹ̀gùn, mo kúnlẹ̀ kí wọn bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Àwọn àgbà Òyìnbó máa ń fò sẹ́yìn tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á rò pé mo ṣubú ni. Màmá òkè ò fò. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi lórí, wọ́n sì sọ nǹkan kan lédè wọn. Àṣé lọ́dọ̀ tiwọn náà, ọmọdé máa ń tẹ̀ síbi ẹsẹ̀ àgbà.

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti dé láti ilé ìwé, òkè ni mò ń gbà lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ rí mi, wọ́n á fi igi tí wọ́n fi ń tẹ ìyẹ̀fun kan ilẹ̀ gbà-gbà, a ó sì gbọ́ ọ lórí àjà wa. Èmi ni mò ń bó aáyù. Èmi ni mò ń fún etí sàmósà pọ̀ kó má baà là nínú epo. Ọwọ́ wọn máa ń rùn kànáfùrù, ọṣẹ kankan ò lè mú un kúrò. Oúnjẹ tí à ń sè yìí kì í ṣe fún jíjẹ nínú ilé nìkan o. Bí ọ̀ràn bá bá ẹnì kan, Màmá òkè á gbé ìkòkò kaná ní sábáàtì, wọ́n á lọ tà á nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àwọn àgùdà, owó tí wọ́n bá pa sì di ti ẹni náà. Nígbà kan, òrùlé ilé ìwé abúlé wọn ni. Nígbà mìíràn, ìyá arúgbó Òyìnbó kan tí iná jó yàrá rẹ̀.

Ohun tó gbé ìyá mi lọ sókè nìyẹn. Bọ̀dá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Novara. Mọ́tò gbá a lórí kẹ̀kẹ́ nínú kùrukùru àárọ̀, ó sì kú. Ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní òun ò gbà pé ọmọ òun kú àfi tí òun bá rí i. Ìjọ ti dáwó títí ó rẹ ìjọ, kò sì tíì tó láti fi gbé òkú lọ sílé. Ìyá mi ti ṣèlérí fún ìyá náà lórí fóònù. Ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kí wọ́n sùn, ó sì wá dà bí ẹni pé ilẹ̀kùn tó kù, ìyẹn ti Màmá òkè, ti tì.

Sábáàtì dé. Gbà-gbà-gbà, lórí àjà! Mo sáré gòkè. Ìkòkò gba gbogbo orí iná, àlùbọ́sà pupa rẹ́súrẹ́sú wà nínú abọ́, sàmósà tí a ò tíì dín tò lọ bẹẹrẹ lórí tábìlì. Màmá òkè fajú ro sí mi, wọ́n ní ìyá mi dà, ó mà ti pẹ́.

"Mamma dov'è? È tardi!"

Mo já sísàlẹ̀ lọ sọ fún ìyá mi pé wọ́n ń sè fún Bọ̀dá, wọ́n sì ń retí wọn. "Mamma, sta cucinando per noi! Per il fratello! Ti aspetta!"

"Ta ló ń sè? Ta ló ní kí wọ́n sè?" Ìyá mi ò tilẹ̀ rántí wọ bàtà.

Ọmọ Màmá òkè ló là wá lọ́yẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí kọfí fi dà sí i láyà. Ó ní tí àwọn bá kọ nǹkan, orí á yí gan-an, sọ́tùn-ún, sósì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé etí ló ń wá èjìká kiri, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn, ó ti gbà.

Ìyá mi jókòó lórí àga, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. "Ọlọ́run mi! Màmá ti gbà láti ọjọ́ yìí, mo wá ń bínú sí olóore!" Wọ́n dìde, wọ́n fún ìró mọ́dìí, wọ́n fọwọ́, wọ́n sì da ata síbi ceci, ẹ̀wà róbótó wọn, tó ń hó. Màmá òkè tọ́ ọ wò. Orí mì, etí wá èjìká. Ìyá mi tún da òmíràn sí i.

Àwọn Òyìnbó jẹ ìyà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń húkọ́, wọ́n ń nu imú, wọ́n ń padà wá gba sí i. Nígbà tó di ọ̀sán, kò ku nǹkan kan àfi èépá ìrẹsì, àwọn ìyá méjèèjì sì fi ọwọ́ họ ọ́ jẹ nínú ìkòkò. Bọ̀dá lọ sílé. Ìyá rẹ̀ rí i.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn èyí tí ọmọ Màmá òkè ríṣẹ́ ní Vicenza, níbi tí wọ́n ti ń ṣe awọ. Àárọ̀ ni wọ́n di ẹrù sínú ọkọ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá títì, àtẹ́lẹwọ́ bọ́ sí mi lórí, òórùn kànáfùrù náà wà níbẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n á padà wá, "Nonna, torni?" Wọ́n mi orí. Omi ti kún ojú mi, mi ò rí i dáadáa bóyá orí ló yí ni àbí etí ló wá èjìká. Ọkọ̀ gbéra. A ò rí wọn mọ́.

Padova ni èmi náà ń gbé báyìí. Àárò wọn ń sọ mí gan-an, kò sì tíì dín kù. Tí mo bá da àwọn èso wínníwínní yẹn sínú epo, mo máa ń tẹ́tí sí òkè, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò gbé lórí wa. Lọ́jọ́ kan, mo ń sọ ìtàn yìí fún ọmọ mi obìnrin bó ṣe ń bá mi fún etí sàmósà pọ̀.

Ó bi mí bóyá wọ́n padà wá, "E poi è tornata?"

Mo mi orí.

Ó ní kí n sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́: "Mamma, è sì o è no?"

Mi ò mọ èyí tí mo mì.